Òrùka Tó Wà Lẹ́yìn Alùpùpù Mi

Èmi tí mò ń kọ èyí, olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí ní àgbègbè Kétu. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CEP, owó sì tán nílé, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Mo ní alùpùpù kan, òun ni mo fi ń lọ sí abúlé mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ni lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ gíga rẹ̀ ni: ibi tó yẹ kí ẹ̀yìn alùpùpù ga dé nígbà tí ènìyàn bá jókòó lé e lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi.

Bí alùpùpù bá wà nílé yín, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ ó rí irin kan tí a wé yípo-yípo bí ejò tó ká ara rẹ̀ jọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń pè é ní rẹsọ́ọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ni a ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní sípíríǹgì. Inú rẹsọ́ọ̀ yìí ni ọ̀pá kan wà tó ní òróró nínú. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Rẹsọ́ọ̀ ló ń ru ẹrù. Ọ̀pá olóróró ló ń mú kí rẹsọ́ọ̀ fara balẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rì sílẹ̀ tó sì fẹ́ dìde. Bí òróró yẹn bá ti jò tán, alùpùpù á máa fò sókè sódò bí bọ́ọ̀lù ọmọdé.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ rẹsọ́ọ̀ náà. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, òrùka irin kan wà níbẹ̀ tí a gé etí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Tèmi ní àtẹ̀gùn márùn-ún. Bí a bá yí òrùka náà, á gun àtẹ̀gùn kan, á sì ti ẹsẹ̀ rẹsọ́ọ̀ sókè. Ẹ̀yìn alùpùpù á ga sí i. Bí a bá yí i padà, á sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn alùpùpù á rì sí i.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú, èmi náà ṣì í mú. Wọ́n rò pé bí òrùka bá ti wà lókè, rẹsọ́ọ̀ ti di alágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kan náà ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí bí a ṣe ń fi ọ̀já pọn ọmọ. Bí ọmọ bá ti ń yọ̀ sílẹ̀, a ó tú ọ̀já, a ó gbé ọmọ sókè, a ó tún un dì. Ọmọ ti ga, ṣùgbọ́n ọ̀já kò nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá wúwo ju agbára ọ̀já lọ, á ya ni, ì báà jẹ́ òkè lẹ dì í sí. Iṣẹ́ tí òrùka ń ṣe nìyẹn. Gíga ló ń tún ṣe, kì í fi agbára kún irin.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ ń gun alùpùpù yìí. Àgbẹ̀ ni. Àpò àgbàdo ló fi ń kó láti oko wá sílé. Nítorí náà ó ní kí wọ́n yí òrùka méjèèjì dé àtẹ̀gùn karùn-ún, òkè pátápátá. Ó tọ́ fún un, ẹrù rẹ̀ wúwo. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn tó ń kó epo kpayó láti Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe máa ń fi rẹsọ́ọ̀ mìíràn kún ti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá já epo tán, ìdí alùpùpù á yọ sókè bí ìdí ewúrẹ́ tó ń mu omi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, iṣẹ́ náà kò mú èrè wá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 2019, bàbá àwọn ọmọ ra òmíràn, ó sì fi èyí sílẹ̀ fún mi. Inú mi dùn púpọ̀. A pààrọ̀ epo, a fọ̀ ọ́, a ra jígí tuntun sí i. Kò sí ẹni tó rántí òrùka.

Èmi wọ̀n kílò 62. Àpò ìwé mi kò tó kílò 5. Ẹ̀yìn alùpùpù tí a gbé ga fún àpò àgbàdo, èmi nìkan ni mo jókòó lé e. Kò rì rárá. Ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ọ̀nà pupa tó lọ sí abúlé tí mo ti ń kọ́ni máa ń ṣe wíríwírí bí páànù òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa, ńṣe ló ń ta tọ́n-ún-tọ́n-ún. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ìdí alùpùpù á fẹ́ yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà yára jù. Bí mo bá yà díẹ̀, ó ti yà púpọ̀. Bí mo bá délé, gbogbo ẹ̀yìn á máa ro mí. Mo rò pé bí alùpùpù ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ́nà kí ọkọ̀ akẹ́rù kan lè kọjá. Mo na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀. Ibi tí mo na ẹsẹ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ jìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò bá ilẹ̀. Alùpùpù gbé mi ṣubú, ọ̀pá èéfín sì jó mi lẹ́sẹ̀. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà nítòsí sáré wá gbé mi dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ní, “Alùpùpù kì í ṣe ti obìnrin, ìyá.” N kò dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ ń ta mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, “Ó ga jù fún mi, ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.” Ó yí òrùka méjèèjì sílẹ̀ dé àtẹ̀gùn kìíní. Ó tún fa ṣéènì le fún mi, nítorí ó ní ó dẹ̀. Ó gba 500 fráǹkì. Kò bi mí bóyá mo máa ń gbé ènìyàn. Èmi náà kò sọ fún un. Ká sòótọ́, n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Ẹ ò mọ bó ṣe dùn tó! Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ń kan ilẹ̀. Ọ̀nà oníwíríwírí yẹn di ọ̀nà ìrọ̀rùn. Fún oṣù mẹ́ta, èmi àti àpò ìwé mi nìkan là ń lọ tí à ń bọ̀, mo sì ń yin mẹkáníìkì náà káàkiri.

Ìparí òjò ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2020. Ìyá mi wá ná ọjà ní Kétu, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo ní kó gòkè, kí n gbé e délé. Ìyá mi wọ̀n kílò 70. Ó gbé àpò gààrí dání, kílò 25. A so gààrí mọ́ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a ṣe kúrò lójú ọ̀dà tí a bọ́ sí ọ̀nà pupa ni nǹkan ti ń sọ fún mi pé kò dára. Ẹ gbọ́ àwọn àmì náà, nítorí ẹ̀yin náà lè rí wọn. Èkíní, iná iwájú kò tan ilẹ̀ mọ́, ewé igi ló ń tàn sí. Àwọn tó ń bọ̀ níwájú ń pariwo pé mò ń fi iná fọ́ àwọn lójú. Èkejì, ọwọ́ alùpùpù fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń rìn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀kẹta, bí a bá ti wọ kòtò, mo ń gbọ́ gbọ̀ọ̀! lábẹ́ wa, irin ń lu irin. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọ̀nà ni kò dára. Ìyá mi pàápàá ní, “Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?” Mo ní kó jókòó.

Lẹ́yìn odò kékeré kan, òkè wà níbẹ̀ tí òjò ti gbẹ́. Mo fún un níná. Ní àárín òkè, a wọ kòtò kan, mo gbọ́ gbọ̀ọ̀!, lẹ́yìn náà mo gbọ́ pà! Ṣéènì ti já. Alùpùpù dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń mú táyà iwájú. Táyà iwájú dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù lórí rẹ̀, gbogbo ẹrù wà lẹ́yìn, nítorí náà ńṣe ló ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. A ṣubú sápá ọ̀tún. Ìyá mi fi ọwọ́ ọ̀tún gba ilẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. A lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fi ẹfun líle dì í. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá kan tó ń to egungun tún bá a fi òróró fà á. Ó lo oṣù méjì kí ó tó lè di ṣíbí mú. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń dá tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀kọ náà ló fi rán mi ní ilé ìwé títí mo fi gba CEP. Láti ọjọ́ náà, kò lè fi ọwọ́ yẹn ro ìkòkò ẹ̀kọ ńlá mọ́. Àbúrò mi obìnrin ló ń bá a rò ó. Kò bú mi rí. Ó ní orí ló yọ wá. Àwọn kan ní ayé ló fà á, àwọn kan ní òkè yẹn burú, kì í ṣe àwa nìkan ló ṣubú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ alùpùpù mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò gùn ún. Zẹ́mìjáǹ ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, owó oṣù mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù sí nǹkan kan.

Nínú kíláàsì mi nígbà náà, bàbá mẹkáníìkì kan wà, ó ti lé ní ọdún 50. Ìdí tó fi wá kọ́ ìwé ni pé àwọn oníbàárà ń jẹ ẹ́ lówó, kò sì lè kọ gbèsè wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ́ wọn ní ìwọ̀n, mítà àti sàǹtìmítà, ó dúró dè mí títí àwọn yòókù fi lọ. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni òrùka wà lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú?”

Mo ní, “Òrùka wo, Bàbá?”

Ó kàn wò mí. Ó ní kí n gbé alùpùpù náà wá lọ́jọ́ kíláàsì tó ń bọ̀, kí n sì mú tépù aránṣọ dání.

Ohun tí a ṣe nìyí, gbogbo kíláàsì ló wò ó. A kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà bó ṣe yẹ, nítorí táyà tó rọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. A gbé alùpùpù lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí táyà ẹ̀yìn kò fi kan ilẹ̀. Bàbá fi ẹfun sàmì sí irin tó wà lábẹ́ àga, lókè ọ̀gangan nọ́ọ̀tì àárín táyà. A fi tépù wọ̀n láti nọ́ọ̀tì dé àmì ẹfun: sàǹtìmítà 52. Bàbá ní, “Ẹ kọ ọ́.” Mo kọ ọ́ sójú pátákó.

Lẹ́yìn náà a gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan di ọwọ́ alùpùpù mú níwájú. Mo gùn ún, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè síbi tí wọ́n ń gbé e sí. Ẹlòmíràn ka tépù. Òrùka ṣì wà ní àtẹ̀gùn kìíní: sàǹtìmítà 48 àti mílímítà 8. Èyí ni pé mo ti rì ní sàǹtìmítà 3 àti mílímítà 2.

Bàbá bi mí pé, “Ta ló wọ̀n tó ìyá yín níbí?” Ìyá kan dìde, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́yìn mi. A so àpò iyanrìn kílò 25 mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a sì tún kà á: sàǹtìmítà 45 àti mílímítà 2.

Ilé dákẹ́. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ní òun ti tú irú alùpùpù yìí rí, òun mọ̀ pé láti òkè dé ìsàlẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lè rìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ òun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A wọ̀n ìbú ọwọ́ Bàbá. Sàǹtìmítà 9 ni. Mo yọ 45 àti mílímítà 2 kúrò nínú 52. Ó ku 6 àti mílímítà 8. Nínú sàǹtìmítà 9 tí rẹsọ́ọ̀ ní, a ti ná 6 àti mílímítà 8 kí a tó kúrò lójú kan. Sàǹtìmítà 2 àti díẹ̀ ló kù fún gbogbo kòtò ọ̀nà oko. Gbọ̀ọ̀! tí mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà tí ìyẹn tán ni.

Bàbá sì fi ìka tọ́ka sí ṣéènì. Nígbà tí mo wà lórí rẹ̀ ní èmi nìkan, ṣéènì dẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìyá yẹn gòkè pẹ̀lú iyanrìn, ó le gan-an bí okùn aṣọ sísá. Bí ẹ̀yìn alùpùpù bá ń rì, táyà ẹ̀yìn máa ń jìnnà díẹ̀ sí eyín irin tó ń fa ṣéènì níwájú, títí àwọn méjèèjì àti ibi tí apá irin ẹ̀yìn ti ń mì yóò fi tò sórí ìlà kan. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti le jù. Ẹni tó bá fa ṣéènì le nígbà tí kò sí ẹrù, ó ti fa á jù fún ìgbà tí ẹrù bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa tèmi.

N kò lè sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi. Mo jókòó lórí alùpùpù níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì ń wo iye tó wà lójú pátákó. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe òkè.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka. Bàbá ní ohun tó yẹ kí a máa wá ni pé kí ẹni tó gùn ún rì tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn táyà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àga mọ́lẹ̀, á sì sọ pé “ó ti tó” tàbí “kò tíì tó”. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ ní sàǹtìmítà. Ó bi mí, “Mẹ́sàn-án, bí a bá pín in sí mẹ́ta, mélòó ni?” Mo ní mẹ́ta. Ó ní, “Ẹ̀ẹ́n! Nítorí náà kí tépù máa ka bíi 49.” Nígbà tí èmi nìkan wà lórí rẹ̀ ní àtẹ̀gùn kejì, tépù ka sàǹtìmítà 49 àti mílímítà 2. Ibẹ̀ ni òrùka mi máa ń wà lójoojúmọ́ báyìí. Ní àtẹ̀gùn karùn-ún, níbi tí bàbá àwọn ọmọ fi í sí, ó ka 50 àti mílímítà 6. N kò rì tó sàǹtìmítà kan àbọ̀. Ìdí tí táyà fi ń fò lábẹ́ mi nìyẹn.

Ìyá yẹn tún gòkè pẹ̀lú iyanrìn, òrùka wà lókè pátápátá: sàǹtìmítà 47. A ti rì ní 5. Ó ṣì pọ̀ jù, òrùka kò sì ní àtẹ̀gùn mìíràn mọ́. A já iyanrìn sílẹ̀, ó ku èmi àti ìyá: 48 àti mílímítà 1. Bàbá ní ìyẹn ṣeé gbà, bí a bá rọra lọ. Ẹ rí i pé òrùka ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ènìyàn bá yí i dé òkè tí alùpùpù ṣì rì jù, ẹrù ni kó dínkù. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi eré kan hàn mí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì sáré lọ tààrà, wọn kì í yà. Ìwọ̀n ọ̀nà náà jẹ́ mítà 402. Ẹgbẹ́ ńlá tó ń ṣètò rẹ̀ níbẹ̀, NHRA, ọdún 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ọdún 2008, wọ́n ti dín ọ̀nà kù sí mítà 305 fún àwọn ọkọ̀ tó yára jù, lẹ́yìn tí awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Scott Kalitta kú nínú eré náà.

Ọmọ náà ní àwọn kan nínú àwọn ọkọ̀ eré yẹn ní òrùka bíi tèmi. Àmọ́ tiwọn kò ní àtẹ̀gùn, ńṣe ni wọ́n ń yí i bí ọmọrí ìgò, díẹ̀díẹ̀, lára ọ̀pá tí rẹsọ́ọ̀ yí ká. Nígbà tí ọkọ̀ bá ta, ìwúwo rẹ̀ á ṣí sẹ́yìn, imú rẹ̀ á yọ sókè. Wọ́n ń fẹ́ ìyẹn dé ìwọ̀n kan, kí táyà ẹ̀yìn lè tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, táyà iwájú kò ní kan ilẹ̀, awakọ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀. Mo ní mo mọ ìyẹn. Mo ti wà lórí irú rẹ̀ rí, ìyá mi sì wà lẹ́yìn.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Wọ́n á wo afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó fi tépù kàn án, awakọ̀ á wọlé jókòó, tàbí kí wọ́n gbé ohun tó wúwo tó o sórí àga rẹ̀. Epo tí wọ́n máa fi sáré á ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wọ̀n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á kọ ọ́. Bí wọ́n bá yí òrùka kan, wọ́n á ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn kí rẹsọ́ọ̀ lè jókòó dáadáa, wọ́n á sì tún gbogbo igun wọ̀n, nítorí ọkọ̀ dà bíi tábìlì: bí ẹsẹ̀ kan bá gùn sí i, àwọn yòókù kò ní ru ẹrù bí wọ́n ṣe ń rù ú tẹ́lẹ̀. Àwọn tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ wọn gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í wọ̀n ọkọ̀ òfìfo. Mẹkáníìkì tó rẹ tèmi sílẹ̀, òfìfo ló wò.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ọ̀pá èéfín má baà jó yín bó ṣe jó mi. Irin kan wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, òun ni wọ́n fi ń yí òrùka. Ẹ má fi òòlù àti irin ṣóńṣó gbá a, ó máa ń fọ́ etí rẹ̀. Apá ọ̀tún àti apá òsì gbọ́dọ̀ wà ní àtẹ̀gùn kan náà. Mo ti rí alùpùpù zẹ́mìjáǹ kan tí ọ̀tún wà ní 4 tí òsì wà ní 2, ẹni tó ni ín sì ń ṣe kàyéfì pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òrùka nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ má tú rẹsọ́ọ̀ kúrò lára ọ̀pá rẹ̀ nílé o, a ti fún un pọ̀ níbẹ̀, bó bá já lọ́wọ́ yín á ṣe yín léṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gùn ún gòkè, kí ẹ wo bí ṣéènì ṣe dẹ̀ tó. Kí ẹ sì tẹ ìdí alùpùpù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ó dára. Bó bá ń fò, òróró ti lọ, òrùka kò lè wo àìsàn yẹn sàn.

Bàbá mẹkáníìkì ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti gbèsè. Ní apá kejì, ó ń kọ iye: alùpùpù ta ni, kílò mélòó, àtẹ̀gùn wo, sàǹtìmítà mélòó. Ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi, ó sì ń wọ́, ṣùgbọ́n mo lè kà á. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ irú ìbéèrè yẹn rí lẹ́nu mẹkáníìkì: “Ta ló ń jókòó lẹ́yìn yín?”

Ó lé ní ọdún kan kí ìyá mi tó gbà láti gun ẹ̀yìn mi. Báyìí, lọ́jọ́ ọjà, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, á máa wò mí títí n ó fi yí òrùka méjèèjì dé àtẹ̀gùn karùn-ún. Á bi mí, “Apá òsì ńkọ́?” N ó ní mo ti yí i. Lẹ́yìn náà ló máa ń gòkè. Gààrí rẹ̀ ń wọ zẹ́mìjáǹ, 300 fráǹkì. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ráhùn nípa owó náà láti Kétu títí a ó fi délé.